Wáì-fáì òtẹ́ẹ̀lì tí ò dé inú yàrá: bẹ́ẹ ṣe máa tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin

Àwọn tó ni òtẹ́ẹ̀lì l'Abẹ́òkúta ń náwó sórí wáì-fáì o, ká má parọ́ mọ́ wọn, àmọ́ bílẹ̀ bá ti mọ́, àlejò á tún sọ̀kalẹ̀ wá bá àwọn risẹ́ṣọ̀n pé òun ò rí nǹkankan lò nínú yàrá òun lánàá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n pe àwọn tó ń tà dátà fún wọn, wọ́n á ní kí wọ́n gbé àwọn lọ sí pláànù tó wọ́n jù, owó á lọ, yàrá ẹ̀yìnkùlé á ṣì wà bó ṣe wà. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé dáa, òun ni ò rí ọ̀nà dé ibi tí àlejò sùn sí. Dẹ́kìn, búlọ́ọ̀kù íńṣì mẹ́sàn-án, ilẹ̀kùn onírin, dígí ńlá tó wà lára wọ́dúróòbù, gbogbo wọn ló ń jẹ sígínà. Wáyà ló yẹ kó rin ìrìn jíjìn náà, kí afẹ́fẹ́ kàn gbé ìwọ̀nba tó kù dé ọwọ́ àlejò. Nǹkan tí gbogbo ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí ń ṣe nìyẹn.

Ohun tẹ́ẹ máa nílò

- Fóònù Android tí áàpù WiFi Analyzer wà lórí ẹ̀. Tó bá jẹ́ iPhone lẹ ní, AirPort Utility ti Apple ni kẹ́ẹ gbé sórí ẹ̀, kẹ́ẹ wá lọ sínú sẹ́tíǹsì fóònù, kẹ́ẹ wá áàpù yẹn, kẹ́ẹ tan Wi-Fi Scanner.
- Láptọ́ọ̀pù tó ní ojú wáyà, pẹ̀lú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúkúrú kan.
- Pépà tẹ́ẹ ya òtẹ́ẹ̀lì sí, òkè lọ́tọ̀, ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà yàrá kọ̀ọ̀kan.
- Páswọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń wọ inú ráútà (kìí ṣe èyí tí wọ́n ń fún àlejò o). Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà ló máa ń wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ tètè pè é kó tó di pé ẹ nílò ẹ̀.
- Wáyà Cat6, orí wáyà RJ45, kírímpà, tẹ́sítà.
- Súwíìsì PoE (ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì àti iná gba inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà), àti access point, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tú wáì-fáì jáde (AP ni màá máa pè é láti ìsinsìnyí). Ẹ má tíì ra AP kankan! Ìgbésẹ̀ kẹrin ló máa sọ iye tẹ́ẹ nílò.
- Dírìlì, àkàbà gíga, tírọ́ńkìn.
- UPS, tàbí kí ìńfátà ti wà nílẹ̀.
- Ẹnìkan tí kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá wà lọ́wọ́ ẹ̀, tí ò sì ní máa bínú. Ẹ má fojú kékeré wo èyí, iṣẹ́ á dúró torí kọ́kọ́rọ́ yàrá kan.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ibi tí àìsàn wà

Ẹ fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráútà tààrà, kẹ́ẹ pa wáì-fáì láptọ́ọ̀pù yẹn (àwọn èèyàn máa ń gbàgbé èyí, wọ́n á rò pé wáyà làwọn ń dán wò, kó sì jẹ́ wáì-fáì ló ń dá wọn lóhùn), kẹ́ẹ wá lọ sí fast.com tàbí speedtest.net. Ẹ ṣe é láàárọ̀, ẹ tún ṣe é láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́ tí gbogbo àlejò ti wọlé. Ẹ kọ ti download (ohun tó ń wọlé), ti upload (ohun tó ń jáde) àti ping (bó ṣe ń pẹ́ tó kí èsì tó dé) sílẹ̀.

Mbps ni wọ́n fi ń wọn spíìdì íntánẹ́ẹ̀tì. Fídíò HD kan ń jẹ bíi Mbps 5. Ìpè fídíò WhatsApp tàbí Zoom kìí sábà ju 1 sí 3 lọ, àmọ́ ó ń jẹ ẹ́ lọ, ó ń jẹ ẹ́ bọ̀, ìyẹn ni pé upload náà gbọ́dọ̀ wà. Tí yàrá yín bá jẹ́ 20 tó kún, tí ìdajì wọn ń wo fídíò lẹ́ẹ̀kan náà, 50 lẹ ń wá nìyẹn. Òtẹ́ẹ̀lì tó wà lápá Òkè-Mọsàn tí àwọn tó wá ṣe mítìn̄ ìjọba ń sùn sí, upload ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, torí àwọn yẹn ò ráyè fíìmù, Zoom ni wọ́n ń ṣe.

Tí wáyà bá fún yín ní nọ́ńbà tó dáa láàárọ̀ àti lálẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì yín ò ṣe nǹkankan, ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ kejì. Tó bá dáa láàárọ̀ tó wá wó lulẹ̀ lálẹ́, ó lè jẹ́ pé àlejò ló ń fà á tán, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á fún yín ló ti dí. Bẹ́ẹ ṣe máa mọ̀: lálẹ́ yẹn náà, ẹ pa wáì-fáì inú ráútà fún ìṣẹ́jú méjì kí gbogbo àlejò já, kẹ́ẹ fi wáyà wọ̀n ọ́n. Tó bá ṣì rọ̀, wọn ò fún yín ní ohun tẹ́ẹ sanwó fún, ẹ lọ bá wọn. Ẹ kìlọ̀ fún risẹ́ṣọ̀n kẹ́ẹ tó ṣe é o, fóònù á dún.

Àwọn tó ń lo ráútà oní-síìmù, 4G tàbí 5G, ẹ gbọ́ eléyìí. Ìlú olókè lẹ wà. Òtẹ́ẹ̀lì míì wà ní ibi kòtò, àpáta ńlá ló dúró láàárín òun àti máàsìtì, ẹ ò lè bá òkúta jà. Ẹ wọ inú ráútà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ RSRP sí (agbára sígínà tó ń ti máàsìtì dé ọ̀dọ̀ yín nìyẹn): -80 sí -90 dáa, tó bá ti dé -100 tàbí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ẹ ti ń jìyà nìyẹn. Ẹ gbé ráútà yẹn lọ sókè pátápátá, sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó dojú kọ máàsìtì, kẹ́ẹ tún wò ó. Ráútà oní-síìmù ò gbọ́dọ̀ wà ní risẹ́ṣọ̀n torí pé ibẹ̀ ló rọrùn, ibi tó ti rí máàsìtì ló yẹ kó wà, wáyà á wá gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sísàlẹ̀. Tí gbogbo ẹ̀ bá sú yín tí fáíbà ò sì dé àdúgbò yín, Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti sátẹ́láìtì wá, ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, ohun tó fẹ́ ò ju ojú ọ̀run gbangba lọ, kí igi tàbí táńkì omi má dí i.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* nọ́ńbà àárọ̀ àti ti alẹ́ ti wà lórí pépà, ẹ sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé "ibi tó ń wọlé ni" tàbí "inú ilé ni". Tẹ́ẹ ò bá lè sọ ọ́, ẹ má tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wọn yàrá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì

Ibí niṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Ẹni tí wọ́n ní kó wá wo wáì-fáì á dúró sí kọ́rídọ̀, á wo fóònù ẹ̀, á rí i pé sígínà kún, á ní ó dáa, ó ti gba owó iṣẹ́ lọ. Àlejò kìí sùn sí kọ́rídọ̀. Ẹ wọ yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ jókòó síbi ìrọ̀rí gangan, ẹ gbé fóònù dání bí ẹni tó ń wo fíìmù, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà fara balẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan kẹ́ẹ tó kọ ọ́.

Nọ́ńbà tẹ́ẹ máa rí ní àmì àyọkúrò níwájú, dBm ni wọ́n ń pè é, bó bá ṣe ń sún mọ́ òdo ló ṣe ń dáa:

-50 sí -60, ó dáa gan-an.
-61 sí -67, ó ṣì dáa, ìpè fídíò á lọ geere.
-68 sí -72, mẹ́sééjì WhatsApp á lọ, fídíò á máa dúró á máa yí.
-73 sí -80, ibi tí àlejò ti ń bú yín nìyẹn.
Kọjá -80, ká má tan ara wa jẹ, kò sí wáì-fáì níbẹ̀.

Ẹ má wo ìyàtọ̀ yẹn bí ohun kékeré. Tí nọ́ńbà bá fi 3 péré lọ sílẹ̀, ìdajì agbára sígínà ti lọ, tó bá fi 10 lọ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù. Fún àpẹẹrẹ, tẹ́ẹ bá rí -57 ní kọ́rídọ̀, tẹ́ẹ wọlé tẹ́ẹ ti ilẹ̀kùn tó wá di -74, ilẹ̀kùn onírin yẹn ló gbé e mì. Kò sí ráútà tí wọ́n lè tà fún yín tó máa mú ilẹ̀kùn yẹn di páálí.

Ọ̀nà méjì ni wáì-fáì ń gbà lójú afẹ́fẹ́, 2.4GHz àti 5GHz. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. 2.4 ń rìn jìnnà, ó sì ń la ògiri kọjá díẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ ni gbogbo ayé wà, ti aládùúgbò, ti Bluetooth, ti máíkírówéèfù kíṣìnì. 5GHz yára ju u lọ dáadáa ṣùgbọ́n ògiri méjì ti tó láti pa á.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* yàrá kọ̀ọ̀kan ti ní nọ́ńbà méjì lórí pépà yín. Ẹ fi bírò pupa yí gbogbo èyí tí 5GHz ẹ̀ ti kọjá -67 ká. Wọn ò ní fọ́nká, ẹ máa rí i pé apá kan ni wọ́n kóra jọ sí, ìparí kọ́rídọ̀, tàbí búlọ́ọ̀kù tuntun tí wọ́n kọ́ kún un lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni owó yín ń lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ gbé èyí tẹ́ẹ ní kúrò níbi tó wà

Kẹ́ẹ tó náwó, ẹ wo ibi tí ráútà jókòó sí. Mo ti rí èyí tí wọ́n tì bọ inú dúrọ́ọ̀ risẹ́ṣọ̀n pẹ̀lú ẹ̀rọ POS, tí wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Òtẹ́ẹ̀lì kan l'Ásẹ́rò, ẹ̀yìn TV íńṣì 65 ni wọ́n kọ́ ọ sí kó má ba ẹwà jẹ́, irin ẹ̀yìn TV yẹn nìkan ti gba ìdajì òtẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń bú àwọn tó ń tà dátà lójoojúmọ́. Ẹ gbé e jáde, ẹ gbé e sókè ju orí èèyàn lọ, kó jìnnà sí dígí ńlá, sí fíríìjì, sí táńkì omi, sí àpótí ẹja tí àwọn ọ̀gá kan fẹ́ràn láti gbé sí risẹ́ṣọ̀n. Tó bá ní eriali, kí wọ́n dúró ṣánṣán.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní repeater ńkọ́? Ẹ yọ ọ́. Mo mọ̀ pé èyí máa dun ẹni tó ti ra mẹ́rin. Repeater ń gba ọ̀rọ̀, ó tún ń sọ ọ́ jáde lórí ṣánẹ́ẹ̀lì kan náà, nítorí náà spíìdì á já sí bí ìdajì, tẹ́ẹ bá wá fi repeater gba ti repeater, ẹ fi ìdajì pín ìdajì. Ohun tó ń tan yín ni pé sígínà á kún lójú fóònù, torí ẹ̀rọ náà ló wà nítòsí fóònù, àmọ́ òun fúnra ẹ̀ ò rí íntánẹ́ẹ̀tì tó péye gbà. Bí sígínà bá kún tí nǹkankan ò sì ṣí, repeater ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ fura sí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ tún wọn àwọn yàrá pupa yẹn. Èyí tó bá ti bọ́ sí -67 tàbí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pa pupa ẹ̀ rẹ́. Òtẹ́ẹ̀lì kékeré oníyàrá mẹ́jọ lè parí síbí, kẹ́ẹ lọ sùn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yan ibi tí AP máa wà kẹ́ẹ tó gbẹ́ ògiri

AP ni ẹ̀rọ tó ń fún yàrá ní wáì-fáì, wáyà ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá bá a. UniFi ti Ubiquiti, Omada ti TP-Link, MikroTik, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ẹni tó máa bá yín tún un ṣe mọ̀ dunjú ni kẹ́ẹ rà, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí orúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ra oríṣi mẹ́ta pọ̀ sójú kan.

Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ to AP sí kọ́rídọ̀ gbọọrọ torí wáyà rọrùn láti gbà níbẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ nìyí: kò sí ògiri láàárín kọ́rídọ̀, nítorí náà àwọn AP yẹn á máa gbọ́ ara wọn ketekete, wọ́n á máa dí ara wọn lọ́wọ́, nígbà tí àlejò tó wà lẹ́yìn ògiri, lẹ́yìn báàfù, lẹ́yìn ilẹ̀kùn onírin, ò gbọ́ wọn. Èyí tó dáa jù ni kí AP wà nínú yàrá, lára sílìn tàbí èyí tí wọ́n ń kì mọ́ ògiri bíi sọ́kẹ́ẹ̀tì, yàrá kan á gba ti ẹ̀, á sì fún ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tápò ò bá gbà á, ẹ fi sí kọ́rídọ̀, àmọ́ kí ọ̀kan má ṣe ju yàrá mẹ́rin sí mẹ́fà lọ, kẹ́ẹ sì rántí pé ògiri búlọ́ọ̀kù méjì ni òpin fún 5GHz. Tó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ má kó AP òkè lé orí ti ìsàlẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ sún un kí ti òkè bọ́ sí àárín méjì ìsàlẹ̀.

Ẹ má gbẹ́ ihò kankan o! Ẹ ra AP kan ṣoṣo, ẹ fi wáyà gígùn fún un ní iná àti íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ so ó mọ́ orí àkàbà, ẹ gbé àkàbà yẹn síbi tẹ́ẹ rò pé ó máa wà, kẹ́ẹ wá wọ àwọn yàrá tó yí i ká, ilẹ̀kùn títì, ibi ìrọ̀rí, bẹ́ẹ ṣe ṣe é ní ìgbésẹ̀ kejì. Tí nọ́ńbà ò bá dáa ẹ sún àkàbà. Sísún àkàbà ò ná yín ní kọ́bọ̀, POP tẹ́ẹ bá gbẹ́ sódì, owó pọ́pù àti owó ọ̀dà nìyẹn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* gbogbo yàrá tó wà lábẹ́ AP kan ti rí -65 tàbí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí 5GHz nígbà tí AP wà lórí àkàbà. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Ní báyìí ẹ wá mọ iye tẹ́ẹ máa rà.

Ìgbésẹ̀ 5: Wáyà

Wáyà ayédèrú ló pọ̀ lójà. Wọ́n á kọ Cat6 gàdàgbà sára páálí, àlùmíníọ́mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ló wà nínú ẹ̀, CCA ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi abẹ ha ẹnu wáyà tín-ín-rín yẹn: tó bá pupa dé inú, kọ́pà ni, tó bá funfun lábẹ́ pupa, ẹ dá a padà. Páálí odindi tó jẹ́ mítà 305, tẹ́ẹ bá gbé e tó fúyẹ́ bíi páálí indomie, ẹ ti mọ̀. PoE ń gbé iná gba inú wáyà yìí kọjá, àlùmíníọ́mù ò lè gbé e dáadáa, á máa gbóná, AP tó wà lókèèrè á máa kú á máa jí.

Láti súwíìsì dé AP ò gbọ́dọ̀ ju mítà 100 lọ, kẹ́ẹ ka gbogbo ìgòkè àti ìyípo mọ́ ọn. Ẹ má kì í bọ páìpù kan náà pẹ̀lú wáyà iná, ẹ jẹ́ kí àyè wà láàárín wọn, tí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé kí wọ́n dábùú ara wọn. Tó bá jẹ́ pé ìta ló gbà, ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ìta, torí oòrùn Abẹ́òkúta á sọ awọ wáyà inú ilé di èérún láìpẹ́.

Tó bá jẹ́ pé búlọ́ọ̀kù kejì dá dúró lọ́tọ̀, ẹ má na wáyà kọ́pà lójú òfurufú láti ilé kan sí ìkejì. Àrá! Òjò kan ṣoṣo tó bá sán àrá nítòsí, ó lè jó súwíìsì, AP àti ráútà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fáíbà ni kẹ́ẹ lò níbẹ̀, torí dígí ni, kìí gbé iná, tàbí kẹ́ẹ fi ẹ̀rọ méjì tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba ojú afẹ́fẹ́ láìsí wáyà dojú kọra wọn lórí òrùlé.

Bí àwọ̀ ṣe tò nínú orí wáyà, kó jẹ́ bákan náà ní ẹnu méjèèjì: funfun-ọ̀réǹjì, ọ̀réǹjì, funfun-gíríìnì, búlúù, funfun-búlúù, gíríìnì, funfun-bíráùn, bíráùn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* iná tẹ́sítà tan láti 1 dé 8 ní títò-títò ní ọ̀dọ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ẹ tún wò ó nínú súwíìsì tàbí lórí láptọ́ọ̀pù pé ó kọ 1000 (tàbí 1 Gbps). Tó bá kọ 100, ó sábà máa ń jẹ́ pé wáyà kan nínú mẹ́jọ ò mú dáadáa, ẹ gé orí ẹ̀ kẹ́ẹ tún un kì, ẹ má ní "ó kúkú ń ṣiṣẹ́".

Ìgbésẹ̀ 6: Iná

Èyí ò gùn. PoE oríṣi méjì ló wà lọ́jà: èyí tó ń béèrè kó tó fúnni níná (802.3af tàbí at) àti èyí tó kàn ń tú 24V jáde láìbéèrè. Ẹ ka ẹ̀yìn AP àti ti súwíìsì kí wọ́n bára mu, 24V tí kìí béèrè lè ba nǹkan jẹ́. Ẹ tún wo àpapọ̀ wọ́ọ̀tì súwíìsì, torí súwíìsì olójú mẹ́jọ tó ní wọ́ọ̀tì 60 ò lè gbé AP mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 12, 96 nìyẹn.

Ohun tí àwọn àlejò ń pè ní "wáì-fáì yín ń lọ ń bọ̀", ìgbà míì NEPA ni. Wọ́n á mú iná, jẹnẹrétọ̀ á gbé e láàárín ìṣẹ́jú kan, gílóòbù ti tàn padà, gbogbo èèyàn ti gbàgbé, ṣùgbọ́n ráútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni, AP ń dúró dè é, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ti lọ, ẹni tó wà lórí Zoom ti já. Ẹ kó ráútà, súwíìsì àti ẹ̀rọ fáíbà sórí UPS kan tàbí ìńfátà. Torí pé súwíìsì ló ń fún AP níná, gbogbo òtẹ́ẹ̀lì ti wà lórí UPS kan ṣoṣo yẹn nìyẹn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ wo fídíò lórí fóònù ní yàrá tó jìnnà jù, kẹ́ẹ ní kí wọ́n yí change-over láti NEPA sí jẹnẹrétọ̀. Kí fídíò má dúró.

Ìgbésẹ̀ 7: Sẹ́tíǹsì

Orúkọ kan, páswọ́ọ̀dù kan fún gbogbo AP. Tẹ́ẹ bá pè é ní "Floor1", "Floor2", "Bar", fóònù á so mọ́ Bar títí tó fi wọ yàrá, kò ní fẹ́ fi í sílẹ̀.

Lórí 2.4GHz, ṣánẹ́ẹ̀lì 1, 6 àti 11 nìkan, wọ́n máa ń sọ pé mẹ́tàlá wà, ẹ má dá wọn lóhùn, mẹ́ta yẹn ni ò gun ara wọn. AP tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò gbọ́dọ̀ lo ọ̀kan náà. Kí fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 20MHz. Lórí 5GHz, 40MHz ti tó, 80 dára fún ẹni tó ní AP kan ṣoṣo nílé, òtẹ́ẹ̀lì ò rí bẹ́ẹ̀.

Agbára AP: gbogbo ènìyàn ló ń fà á lọ sí High. Ẹ má ṣe é. Wáì-fáì ò dà bíi rédíò ilé tẹ́ẹ kàn ń gbọ́, fóònù náà gbọ́dọ̀ dáhùn, agbára tí fóònù ní ò sì tó ti AP. AP pariwo látòkèèrè, fóònù gbọ́, ó rí sígínà tó kún, ó dáhùn, AP ò gbọ́ ọ. Ó tún burú síi, torí fóònù á rọ̀ mọ́ AP tó wà lókèèrè tó ń pariwo, á sì kọ èyí tó wà lórí orí ẹ̀. Ẹ fi 2.4 sí Low, 5 sí Medium, kẹ́ẹ tún wọn yàrá, kẹ́ẹ fi díẹ̀díẹ̀ gbé e sókè níbi tó bá ti kù díẹ̀.

DHCP, ìyẹn ẹni tó ń pín àdírẹ́sì fún fóònù, ráútà kan ṣoṣo ni kó máa ṣe é. Tẹ́ẹ bá fẹ́ sọ ráútà àtijọ́ di AP, ẹ pa DHCP tiẹ̀, ẹ yí àdírẹ́sì ẹ̀ kó má bá ti ọ̀gá ráútà dọ́gba, kẹ́ẹ ki wáyà bọ ojú LAN, kìí ṣe WAN. Ráútà méjì tó ń pín àdírẹ́sì, àwọn kan á rí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ò ní rí, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ ìdí.

Àdírẹ́sì tó wà nínú ráútà lásán ò ju bíi 250 lọ, ọ̀pọ̀ ráútà sì máa ń fún fóònù ní wákàtí 24 kó tó gbà á padà. Ní Sátidé tí ìgbéyàwó wà nínú họ́ọ̀lù, tí àwọn aláṣọ ẹbí kún, tí risẹ́ṣọ̀n ti fún gbogbo wọn ní páswọ́ọ̀dù, àdírẹ́sì ti tán kí wọ́n tó pín ìrẹsì, àlejò tó sanwó yàrá ni ò ní rí ti ẹ̀, fóònù ẹ̀ á kàn máa kọ "Obtaining IP address" ṣáá. Ẹ dín àkókò yẹn sí wákàtí méjì tàbí mẹ́rin, kẹ́ẹ sì ya ti họ́ọ̀lù sọ́tọ̀, pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù tiẹ̀.

Ẹ ya ti àlejò kúrò lára ti POS, ti CCTV àti ti ọ́fíìsì (VLAN ni wọ́n ń lò fún un, ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ á mọ̀ ọ́n), kẹ́ẹ tan client isolation kí fóònù àlejò kan má rí ti èkejì. Tí TV yàrá bá jẹ́ èyí tí àlejò ń fi fóònù ju fídíò sí, isolation á dí i lọ́wọ́, kẹ́ẹ bá ẹni tó ń ṣe é sọ ọ́ ṣáájú. Lẹ́yìn náà kẹ́ẹ fi òpin sí ti ẹnìkọ̀ọ̀kan, bíi Mbps 5 wá sísàlẹ̀, 2 lọ sókè. Ẹnìkan ṣoṣo tó ń da gbogbo eré bọ́ọ̀lù séésìn tó kọjá sórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀ ti tó láti pa wáì-fáì òkè kejì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ bá ẹnìkan ṣe ìpè fídíò WhatsApp láti risẹ́ṣọ̀n, ẹ gun àtẹ̀gùn, ẹ rìn dé yàrá tó kángun, ẹ wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ó lè já wìn-ín fún ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tó ń bọ́ láti AP kan sí èkejì, kò gbọ́dọ̀ ṣe "Reconnecting" títí. Tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbì kan náà, AP ẹ̀yìn ṣì ń pariwo jù, ẹ tún dín in.

Ìgbésẹ̀ 8: Alẹ́ tí yàrá kún

Wáì-fáì tó dáa ní Túsìdeè tí àlejò mẹ́ta wà, ẹ má tíì sanwó iṣẹ́ tán. Ẹ dúró di alẹ́ Fúráìdeè tàbí Sátidé tí yàrá kún, kẹ́ẹ tún ṣe ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kìíní àti kejì, ó kéré tán ní yàrá kan lábẹ́ AP kọ̀ọ̀kan. Nínú áàpù UniFi tàbí Omada, ẹ máa rí iye fóònù tó wà lórí AP kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá gbé 45, tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gbé 4, ẹ dín agbára ẹni tó ń gbé 45 kí àwọn tó kù lè rí i gbé.

Kẹ́ẹ wá fi ìwé kan sí risẹ́ṣọ̀n. Bí àlejò bá ṣàròyé, kí wọ́n kọ nọ́ńbà yàrá, aago, àti irú fóònù, kí wọ́n má kàn ní "ẹ pẹ̀lẹ́ sà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni". Tí yàrá kan náà bá jáde lẹ́ẹ̀mejì, ẹ padà sí yàrá yẹn pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì. Tí yàrá mẹ́fà bá jáde ní aago kan náà, ọ̀rọ̀ yàrá kọ́, ẹ wo ráútà, UPS, àti àwọn tó ń tà íntánẹ́ẹ̀tì fún yín. Tó bá jẹ́ fóònù kan péré nínú yàrá tí fóònù ìyàwó ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kí risẹ́ṣọ̀n ní kó tẹ "Forget" lórí orúkọ wáì-fáì náà, kó tún páswọ́ọ̀dù kì.